Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Bàálù Tí Mo Ní Kí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

“Màmá, tí Dádì ò bá wa bàálù mọ́, kí ni kí n sọ fún tíṣà mi pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́?” Fẹ̀yí, ọmọ ọmọ mi, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìrẹsì fún un ni. Káyọ̀dé, ọmọ mi tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ti gbé ṣíbí sókè, kò lè gbé e dé ẹnu mọ́. Abena ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Gánà, wo ojú mi, èmi náà wo ojú Abena. Níkẹyìn, Abena sọ fún un ní èdè Twi pé “Didi”, ìyẹn ni pé kó jẹun, ọmọ náà bá tẹ orí mọ́ àwo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mo ti sin òbí, mo ti sin ọkọ, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìbéèrè kan ti gún mi lọ́kàn tó ìyẹn rí. Nítorí èmi mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bí bàbá ọmọ náà ṣe dẹni tó ń jókòó sílé. Èmi ni mo ní kó fi ẹgbẹ́ tó lè ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀. Èmi náà ni mo ní kó gbààwẹ̀ kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ti já sí ayọ̀ báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ni mo fi lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Sawaba la ń gbé níbí, ní Kumasi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí. Síìpù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mò ń tà fún àwọn télọ̀ ní ọjà Race Course. Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Anloga Junction, bẹ́ẹ̀dì àti àga tó ń kàn níbẹ̀ la fi rán Káyọ̀dé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tí owó kò tó, ó ta ẹ̀rọ tó fi ń la pákó, ó padà sí ayùn ọwọ́. Ó rí i tí ọmọ náà di awakọ̀ bàálù, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú tí ọmọ rẹ̀ wà láti Kumasi dé Accra lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kú. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé iṣẹ́ ọmọ mi, ẹ má ṣe rò pé owó oṣù nìkan ni mò ń sọ. Gbogbo ayé ọkọ mi ló wà nínú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ sì mọ bí àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Gánà ṣe ń ṣe ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wa, òun náà ni àbúrò wa. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn kúrò ní ìlú, ọmọ ọwọ́ ni mí, ṣùgbọ́n bàbá mi ń sọ ọ́ títí ó fi kú pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló bá òun wá ọkọ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì gba òun sílé nígbà tí òun padà wá. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti gbá àgbàlá, wọ́n ti gbé ìkòkò kaná. Ẹgbẹ́ tí Káyọ̀dé ń dá owó sí ńkọ́? Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n bá a kẹ́dùn. Ó tán. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti kúrò lára wọn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Káyọ̀, àwọn wo gan-an lo ń san owó yìí fún?”

“Ẹgbẹ́ wa ni, Màámi. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù.”

“Ilé ta lẹ ti ń ṣe ìpàdé?”

“Orí fóònù ni, Màámi. Àwọn mìíràn wà lókè òkun.”

“Ta ni ìyá ẹgbẹ́ yín?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “A ò ní ìyá ẹgbẹ́.”

“Ẹgbẹ́ tí kò ní ìyá! Ta ni yóò wá bá ọ rokà lọ́jọ́ ìṣòro?”

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọ́n ń fi ìwé ìròyìn ráńṣẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ní ohun tuntun nípa iṣẹ́, wọ́n sì ní dókítà àti lọ́yà tí ọmọ ẹgbẹ́ lè pè tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Mo ní ṣé dókítà ti tán ní Kumasi ni? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní òun ti ń san owó náà ó ti pẹ́, ìwé ìròyìn yẹn nìkan lòun ń rí gbà, ìyàwó òun sì ti ń fi di ẹ̀pà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn. Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó náà, ẹ sì mọ bí sídì, owó ilẹ̀ Gánà, ṣe ń fi ojú wa rí màbo. Nígbà tí ọdún yí po tí ó yẹ kó tún san án, owó ilé ìwé Fẹ̀yí délẹ̀, páànù ilé wa náà sì ti ń jò. Mo ní, “Káyọ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Fi ẹgbẹ́ fóònù yẹn sílẹ̀.” Ó kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, “Ó ti tán, Màámi.” Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ alágídí ni, bóyá mi ò ní máa kọ ìwé yìí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àkókò àyẹ̀wò ara rẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń wa bàálù, àwọn dókítà tí ìjọba yàn gbọ́dọ̀ máa yẹ ara rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìlera. Tí kò bá ní ìwé yẹn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹnì kan dúró níbi iṣẹ́ wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àyà mi sì ń já. Kí ni ìyá tó ń bẹ̀rù ń ṣe? Àdúrà náà ni. Mo ní kí èmi àti ọmọ mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ àìmu, kí ọjọ́ kẹta bọ́ sí ọjọ́ àyẹ̀wò. Kò ní bàálù tí yóò wà láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, mo sì rò pé Ọlọ́run ló fi àyè sílẹ̀ fún wa. Mo wá kìlọ̀ fún un bí ìyá mi ṣe ń kìlọ̀ fún mi: “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ o. Ààwẹ̀ tí a bá kéde, èrè rẹ̀ ti tán. Fọ ẹnu rẹ, fi ìpara pa ara rẹ, kí o máa rẹ́rìn-ín.” Abena bínú sí wa. Ó ní, “Maame, ọkọ mi ń lọ síwájú dókítà, ẹ̀ ń fi òùngbẹ rán an lọ?” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.

Ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Accra. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní kó sáré lórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó sáré parí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ó dákú. Nígbà tó jí, dókítà bi í pé ṣé ó jẹun. Ó ní òun ò jẹun láàárọ̀, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún gbogbo àwọn tó wá pé kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní, “Ṣé nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí n mọ̀?” Ọmọ mi rántí ìkìlọ̀ mi. Ó ní, “Rárá, sà. Ara mi le.” Ẹ gbọ́ o! Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde, nítorí ìyá rẹ̀. Dókítà yẹn kò ṣe é níkà, ohun tó rí ló kọ: pé ọkùnrin yìí dákú, a kò sì mọ ohun tó fà á. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé nínú iṣẹ́ bàálù, àìsàn tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ sàn ju èyí tí wọn kò mọ̀ lọ. Ta ni yóò gbé èèyàn lé ọwọ́ ẹni tó lè dákú nígbàkigbà, tí kò sì lè sọ ìdí? Wọ́n gba ìwé ìlera lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ sinmi ná títí ìwé mìíràn yóò fi dé.

Ṣé mo wá ronú pé ààwẹ̀ ló fà á? Rárá o! Mo ní ayé ló ṣe é. Màmá Dúpẹ́, tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wa, ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀ lójú àlá, pé ká gba ọjọ́ méje sí i. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Abena dìde fùú. “Daabi! Rárá! Maame, mo bẹ̀ yín, daabi!” Ó wọ inú ilé ìdáná, ó gbé fùfú àti ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ jáde, ó gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀, ó dúró tì í bíi ọlọ́pàá títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Lónìí, mo lè gbé e pọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Anloga Junction, níbi tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń bá wọn fá pákó. Àwọn ọkùnrin tó ń pè é ní “Captain” tẹ́lẹ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àwọn mìíràn: “Captain, ṣé àga yìí á gbéra báyìí?” Yóò rẹ́rìn-ín. Ó máa dé ilé, kò ní sọ̀rọ̀. Irú àkókò báyìí ni Fẹ̀yí béèrè ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí ọmọ náà dìde nídìí oúnjẹ, Abena ní, “Padà sínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n ní dókítà.”

Káyọ̀dé mi orí. “Wọ́n á ní ìgbà tí ilé jó tán ni mo ń wá omi bọ̀.”

Èmi náà gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Pè wọ́n.” Mi ò gbà gbọ́ pé wọ́n wúlò o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà títí, mo ti wo ojú ọmọ mi títí, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tí yóò dì mú. Ó pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, kò sì tàn án. Ó ní tó bá jẹ́ ti lọ́yà ni, kò ṣeé ṣe, nítorí ìgbà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo fi ẹnu mi bàjẹ́! Ṣùgbọ́n ó ní tó bá san owó ẹgbẹ́ lónìí, ó lè bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo ní kó san án. Nínú owó ọjà mi ni mo ti fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ tí dókítà náà pè, mo wà ní ilé ìdáná, mò ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Káyọ̀dé gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí Abena lè gbọ́. Ọkùnrin náà ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní òun náà ti wa bàálù rí. Kò béèrè nípa àìsàn rárá. Ó ní, “Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí o dákú, kí lo jẹ?” Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi. “Ó dáa, kí lo mu?” Dókítà tún ní, “Arákùnrin, o ṣì wà níbẹ̀?” Káyọ̀dé ní, “Mo wà níbẹ̀, sà. Mo... ara mi le lọ́jọ́ náà, sà.” Ẹ̀yin ìyá, mo dúró síbẹ̀ tèmi ti ṣíbí, gbogbo rẹ̀ sì là sí mi lójú bí ìgbà tí wọ́n tan iná. Ọmọ tí mo bí ṣì ń pa àṣẹ mi mọ́! Mo sáré jáde, òróró ń kán lára ṣíbí, mo pariwo lé fóònù lórí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sá fún mi pátápátá: “Dókítà! Kò jẹ, kò mu! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Èmi ni mo ní kó gbààwẹ̀!”

Ọkùnrin náà ní, “Ta nìyẹn? Kí ni wọ́n ń sọ?”

Abena, tó ti rò pé ọkọ òun ti sọ ọ́ fún dókítà àkọ́kọ́, ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ó wá ní, “Ọjọ́ mẹ́ta? Láìmu omi? Wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, o sì sáré?” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ìbá yà mí lẹ́nu tí kò bá ṣubú.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi jóná.

Ọkùnrin yẹn kò sọ pé ó ti tán o. Ó ní ẹnu lásán kò tó, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Ó sọ irú àyẹ̀wò ọkàn àti ti ọpọlọ tí Káyọ̀dé máa ṣe, ó sì sọ àwọn tí kò yẹ kó náwó lé lórí, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń gbà wá nímọ̀ràn pé kó lọ ṣe. Ó ní kó fúnra rẹ̀ kọ òótọ́ bó ṣe jẹ́, kó má fi ohunkóhun pamọ́, kí pásítọ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ó ní òun máa ka gbogbo rẹ̀ kí ó tó lọ síwájú àwọn dókítà ìjọba. Ó sì kà á lóòótọ́. Ó dá a padà pé kó tún ibì kan kọ, nítorí ọmọ mi ṣì ń fi ọ̀rọ̀ bò mí láṣìírí níbẹ̀.

Pásítọ̀ wa fọwọ́ borí nígbà tí mo sọ fún un. “Màámi, ẹ̀yin lẹ gbé ààwẹ̀ yìí kalẹ̀, kì í ṣe ìjọ. Ta ló ní kí ẹni tó ń lọ sáré fún dókítà má mu omi?” Ó jẹ́rìí sí i tayọ̀tayọ̀. Màmá Dúpẹ́ ni kò dùn mọ́ nínú. Ó dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn: “Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ lọ bá dókítà? Háà, Màmá Káyọ̀! Èrè rẹ̀ ti lọ nìyẹn.” Mo ní, “Kó máa lọ. Tó bá jẹ́ pé dídákú ni èrè náà, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.”

Ìwé rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Mi ò ní sọ fún yín bí mo ṣe ń fò sókè nígbàkigbà tí fóònù bá dún. Lọ́jọ́ tó dé, Abena ló kọ́kọ́ kà á lójú fóònù ọkọ rẹ̀, ó pariwo “Nyame, meda wo ase!”, ìyẹn ni pé Ọlọ́run, mo dúpẹ́, tí àwọn aládùúgbò fi sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnìkan kú ni. Káyọ̀dé ṣì ní ìyẹ̀fun pákó lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mi ò sì mọ ohun tó ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń ka bọ́tìnnì fún télọ̀ kan nígbà tí bàálù kan kọjá lórí ọjà. Mi ò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni. Mo juwọ́ sí i. Télọ̀ náà wò mí bí ẹni tó ń ṣe wèrè, mo tún juwọ́ sí i.

Ẹ lè bi mí nísinsìnyí pé ṣé owó ẹgbẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ló wo ọmọ mi sàn, nítorí kò ṣàìsàn. Tí a bá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá a ò ní nílò wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ìwé ìròyìn di ẹ̀pà, kò tíì rí nǹkan mìíràn gbà títí di òní, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ó má nílò rẹ̀. Wọn kò ní wá síbi ìkómọ wa, wọn kò mọ Sawaba. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a fẹ́ràn Káyọ̀dé, tí a ń sunkún, tí a ń gbàdúrà, kò sí ẹni tó mọ ìbéèrè tó yẹ ká bi í. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo rí rà nínú owó náà, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè rà á ní Race Course.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ẹgbẹ́ náà ní owó mìíràn tí èèyàn lè fi kún tirẹ̀ kí lọ́yà wọn lè dúró fún un nílé ẹjọ́. Abena ní kí ọkọ òun san án kíá. Káyọ̀dé ní èyí tí òun san tó, pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Wọ́n wá ní kí èmi sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n ní àgbà ló ń bẹ nílé. Èmi? Lẹ́yìn ohun tí ẹnu mi ti ṣe? Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé kan péré lè gbà lọ́wọ́ wọn, kí lẹ ṣe? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ààwẹ̀ bíi tèmi, èmi kò ní kí ẹ má gbà á, mo ṣì ń gbà á. Ẹ ṣáà sọ fún dókítà. Ọlọ́run kò ní bínú pé dókítà mọ̀.

Káyọ̀dé pẹ́ kó tó wọlé lálẹ́ yìí, bàálù láti Tamale ló wà kẹ́yìn. Ó jẹ ẹ̀bà, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀, mo ní kó lọ wa bàálù rẹ̀. Abena ti pa iná yàrá wọn. Fẹ̀yí, tó ní òun máa bá mi ṣe àìsùn àdúrà, ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú, mi ò sì fẹ́ gbé e kúrò. Mò ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń hanrun láti yàrá kejì, ó ń fà á bí ayùn. Ìyàwó rẹ̀ ráhùn díẹ̀, ìhanrun náà sì dẹwọ́. Gbogbo ilé ti sùn.